Àgò Mẹ́ta Tí Àpáta Kò Dáhùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbè é dáadáa. Òjò ń pariwo lórí páànù, mi ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó sáré wọ abẹ́ àpáta, ó gbọn eruku lẹ́sẹ̀, kò dúró níbì kankan àfi lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, lórí Ẹtu ìyá ìbejì, àti lórí ẹnìkan tó wà nínú ilé ara rẹ̀ tí kò lè yọjú síta láìtọrọ àyè. Ta ni ẹni náà? Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Ìwọ Moróunkẹ́jì, fa ẹsẹ̀ rẹ wọlé, òjò ń ta sí i.

Ní ọdún kan, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ìlú àwọn ẹranko, kò sì dá. Ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní òjò ìbùkún ni. Nígbà tó pé oṣù kan, wọn ò pè é ní nǹkan kan mọ́. Ilé Ehoro wó. Ìtẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ kún fún omi bí àwo ọbẹ̀. Ti Ẹtu ló burú jù. Àkùrọ̀ ló ń gbé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó jí, ó rí i pé omi ti fẹ́ dé ọrùn àwọn ọmọ náà lórí ẹní tí wọ́n sùn sí. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, ó jáde. Ó dúró sójú òjò, kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tó gbẹ. Yàrá kékeré kan ni, tó wà ní ìparí ihò abẹ́ Àpáta Agbóhùn. Bí òjò bá le, ọ̀gbàrá a máa gba àárín ihò náà kọjá, ṣùgbọ́n yàrá yẹn ga ju omi lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì rí irú ihò yẹn. Ó gùn láti ìdí odó yìí títí dé etí odò. Òrùlé rẹ̀ ga débi pé ẹyẹ lè máa fò nínú rẹ̀ kó gbàgbé pé inú ilé lòun wà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú àpáta wọlé láti òkè, ó ń rọra dà sórí iyanrìn bí èlùbọ́ tí wọ́n ń kù. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà á lọ, á lọ, á kan ògiri ìparí, á padà wá bá yín, á sì ti dàgbà sí i. Mo dúró níbẹ̀ rí nígbà tí mo kéré. Mo sọ orúkọ mi. Àpáta fi ohùn àgbà pè mí padà, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Gbogbo ẹranko ló fẹ́ yàrá náà. Wọ́n kó ẹjọ́ lọ bá Ẹfọ̀n, àgbà oníwo tó ń ṣe olórí wọn. Ẹfọ̀n gbọ́ ẹjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, etí ń dùn ún.

Ó ní, "Gbogbo yín lòjò pa. Bí mo bá fún ẹnìkan, ẹ ó ní mo ṣègbè. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín dá ẹjọ́ náà. Ìta ti di ẹrẹ̀, nítorí náà inú ihò gan-an lẹ ó ti sáré, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ìparí. Ọjọ́ kẹrìnlá sí òní ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan òkúta ló ni yàrá, títí òjò yóò fi dá."

Ehoro ní òun á sáré. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun á sáré. Ẹtu gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ohùn kan wá jáde láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ ka èmi náà mọ́ ọn."

Wọ́n wo ilẹ̀. Ìjàpá ni.

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan dìkùn mú. Àní Ìjàpá, tí òjò kò tíì fọwọ́ kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Ìjàpá tó gbé ilé pọ̀n sẹ́yìn!

Nígbà tó délé, Yánníbo aya rẹ̀ bi í pé, "Baálé mi, kí lẹ fẹ́ fi yàrá ṣe? Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn yín ń jò ni?"

Ìjàpá ní, "Kò jò. Ṣùgbọ́n ta ló lè wọ ilé ẹ̀yìn mi wá kí mi? Mo fẹ́ ilé tí màá jókòó sí, tí wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

"Àwọn ìbejì Ẹtu ń kọ́?"

"Ẹsẹ̀ ìyá wọn ò ṣá dá."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò fẹ́ ṣu tó ní òun á jókòó sórí ààtàn.

Bí ìmúrasílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àràárọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ ihò lọ fi ẹsẹ̀ kọ́ eré. Ẹ má rò pé eléré ìje ni wọ́n o. Àgbẹ̀ ilá ni Ẹtu. Ẹ̀pà ni Ehoro ń gbìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣa èso igi. Eré kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ láyé ni eré àsálà, èyí tí ajá ọdẹ ń lé èèyàn fún. Eré kí a máa sáré lọ bá nǹkan, wọn ò sá a rí.

Ehoro gbéra, ó já sápá ọ̀tún, ó já sápá òsì, bí ẹni tí ọfà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tó yẹ kó fi ogún ìṣísẹ̀ rìn, ó fi ọgọ́ta rìn ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbéra, kò tíì dé ìdajì tó fi gun ògiri lọ sókè. Wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ilẹ̀ ni!" Ó ní, "Ẹ má bínú, ara mi ni." Ẹtu ló yára jù nínú wọn, ṣùgbọ́n kò lè ṣísẹ̀ mẹ́wàá kó má dúró wẹ̀yìn. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti fi ń wẹ̀yìn. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ lu ara rẹ̀, á sunkún díẹ̀, á tún padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rántí ọrùn àwọn ọmọ rẹ̀ nínú omi.

Ìjàpá ńkọ́? Kò sáré rárá. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo ihò náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó tọ Ẹfọ̀n lọ.

"Bàbá, ẹ kú àmójútó wa. Ihò yìí, ṣé ilé ni tàbí ìgbẹ́?"

"Ó ní òrùlé, ó ní ògiri. Ilé ni."

"Ta ló wá ń sáré wọ ilé láìkágò, Bàbá? Ṣé kí aráyé gbọ́ pé ìlú wa kò ní ẹ̀kọ́?"

Ẹfọ̀n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ju koríko tútù lọ. "Òótọ́ lo sọ. Èmi ni màá kágò fún wọn. Bí ilé bá dáhùn, kí wọ́n máa sáré. Ẹni tó bá ṣísẹ̀ kí ilé tó dáhùn, kó yà síbi kan."

"Bí ilé kò bá wá dáhùn ńkọ́, Bàbá?" Ìjàpá béèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

"Ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹta là ń kágò. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tí onílé kò dáhùn, a padà sílé wa nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi àgò kọ́ eré. Ẹfọ̀n á fi ohùn ńlá rẹ̀ ké pé, "Àgò o!" Ohùn náà á lọ títí, á padà bọ̀ rìrì-rìrì lórí òrùlé, àwọn sáré-sáré á sì ta gìrì. Ó wù wọ́n gan-an. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé baba ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gbà wọ́n láyè.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìjàpá tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀rù ń bà mí fún yín. Pẹ̀lú irú eré yìí, tí ẹ bá dé ìparí, báwo lẹ ó ṣe dúró? Orí lẹ ó fi sọ òkúta! Ẹ kó ẹní wá. Ẹ wá òwú igi àràbà wá. Màá fi wọ́n bo ògiri náà, kó lè gbà yín mọ́ra. Ẹni tó bá débẹ̀, kó ká ẹní sókè, kó fọwọ́ kan òkúta."

Wọ́n fi ẹnu lu ẹnu. Ìjàpá ti yí padà! Ìjàpá ti di èèyàn rere! Oníkálukú kó ẹní wá. Ẹtu ní ẹní kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ìbejì ń sùn lé. Ó yọ ọ́ lábẹ́ wọn, ó sì gbé e wá. Ìjàpá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á san án." Àyà rẹ̀ le o.

Ó to ọparun, ó so ẹní mọ́ ọn, ó ki òwú sí àárín. Ó kágò wò. Ohùn padà wá, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó tún fi ẹní kún un, ó tún ki òwú. Ó kágò. Ohùn padà bí ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá má sọ àlọ́ yìí. Kò dúró. Ó fi ẹní lé ẹní títí ó fi di ogójì, ó rán wọn pọ̀, ó ki òwú títí ọparun fi ń dún. Ó wá kágò. Kò sí ohùn. Ó lọ, kò padà wá. Ìjàpá fúnra rẹ̀ wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, ó sì yára jáde kúrò nínú ihò.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ẹranko péjọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́rin dúró sórí ìlà tí Ẹfọ̀n fi ìwo fà sórí iyanrìn. Àwọn ìbejì dùbúlẹ̀ sórí ewé, wọ́n ń gbọ̀n. Ìyá wọn kò wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá wò wọ́n, òun á padà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. "ÀGÒ O!"

Ohùn náà wọlé. Gbogbo etí nà. Ihò dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bí òjò ìta yìí ṣe ń dún? Nínú ihò yẹn, kò sí ohun tó dún. Àpáta tó ti ń dá wọn lóhùn láràárọ̀, àpáta tó dá àwọn baba wọn lóhùn, kò sọ nǹkan kan. Irun orí Ẹfọ̀n dìde. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọhùn, nítorí ta ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń retí ẹnu onílé?

Ìjàpá bá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìlà, ó ń lọ.

Ẹfọ̀n fi ohùn kẹ́lẹ́ pè é. "Ìjàpá! Ilé kò tíì dáhùn."

Ìjàpá yí orí padà. "Bàbá, èmi ti wà nínú ilé. Ilé mi ló wà lẹ́yìn mi yìí. Ẹni tó wà nínú ilé, ṣé ó tún ń kágò ni?"

Ẹfọ̀n ronú lọ sọ́tùn-ún, ó ronú bọ̀ sósì. Kò rí ibi tó ti jẹ̀bi. Ìjàpá ń rìn lọ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń dà bọ̀ láti òkè, ó ń rọra kọrin sábẹ́ ẹnu. Ẹ gbè é fún mi:

Ilé kò fọhùn o,
Jànkó.
Ìjàpá ń rìn lọ,
Jànkó.
Ẹlẹ́sẹ̀ ń wòran,
Jànkó.
Arọra-rìn ń gbalé,
Jànkó.

Lórí ìlà, Ehoro ń jẹ ètè. "Àbí onílé ń sùn ni?"

"Ó lè máa jẹun," Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ. "Ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀ kì í dáhùn."

Ẹfọ̀n dúró pẹ́ títí, bí a ṣe ń dúró de àgbàlagbà pé kó wọṣọ. Ó tún ké, "ÀGÒ O!" Ihò dákẹ́. Ìjàpá ti kọjá ìdajì ọ̀nà.

Ẹtu na ọrùn kọjá ìlà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú eré, ara rẹ̀ nìkan ló dì í mú. Ó rí Ìjàpá lọ́ọ̀ọ́kán. Ó lè bá a, ó lè kọjá rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ilé kò tíì dáhùn. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ láti wọ ilé tí kò dáhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké e dáadáa."

Ẹfọ̀n gbá gbogbo èémí rẹ̀ jọ fún ẹ̀ẹ̀kẹta. "ÀGÒÒÒ O!"

Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù ńlá bo gbogbo ẹranko. Àwọn mìíràn kúnlẹ̀. Ẹfọ̀n tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti sọ pé ó parí, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Ní ìgbà náà gan-an ni Ìjàpá dé ìparí. Ó kù kó ká ẹní, kó fọwọ́ kan òkúta. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹní, ó gbé e. Kò gbé. Ogójì ẹní tí a rán pọ̀! Ó fi orí tì í. Kò mira. Inú bí i. Ó bu ọparun ìsàlẹ̀ jẹ, ó sì fi gbogbo agbára fà á.

Ọparun yọ. Gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀. Ẹní ya, òwú ya, ọparun ya, gbogbo rẹ̀ wó lé Ìjàpá lórí gbìì, ògiri sì wà níhòòhò. Ìjàpá lọgun lábẹ́ rẹ̀ pé, "YÉÈ! MO KÚ O!"

Àpáta gbọ́. Ó gba ohùn náà, ó gbé e sókè, ó yí i ká òrùlé, ó rán an padà sẹ́nu ọ̀nà, ó kún gbogbo ihò, ó wọ egungun gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀: OOO! OOO! OOO!

Ilé ti dáhùn.

Mi ò lè sọ fún yín bí Ẹtu ṣe gbéra, nítorí kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n rí i lórí ìlà. Lẹ́yìn náà wọ́n rí iyanrìn tó dìde níbi tó ti wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, àpáta ń dá ẹsẹ̀ náà lóhùn, títí ó fi dà bíi pé agbo ẹtu ọgọ́rùn-ún ló ń sáré. Ó wọ inú ìmọ́lẹ̀, ó jáde, ó tún wọ òmíràn. Ẹ gbọ́ èyí: kò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹtu, kò tíì sí èyí tó sáré tí kò wẹ̀yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ti gun ògiri dé àárín òrùlé, dúró sókè níbẹ̀, ó la ẹnu, ó gbàgbé pé òun náà wà nínú ìdíje. Ehoro ṣì ń já sọ́tùn-ún já sósì nígbà tí Ẹtu fò kọjá òkìtì ẹní, tó sì fi ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lu òkúta.

Kó!

Bẹ́ẹ̀ ló dún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò ó. Ẹfọ̀n, àgbà bíi tirẹ̀, ń nu ojú.

Wọ́n wú Ìjàpá jáde lábẹ́ ẹní. Òwú ti bò ó, ó funfun bí arúgbó. Ẹtu ń wo òkìtì náà, ó rí ẹní àwọn ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, ó fà á yọ, ó gbọn òwú rẹ̀ nù. Ẹfọ̀n ń wo òwú náà. Ó wá wo ògiri, ó sì rọra ní, "Àgò o." Àpáta dáhùn wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìjàpá, ta ló pariwo lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbo lo wà?"

Ìjàpá ní, "Mo wà… nínú ilé mi, Bàbá."

"Ó dáa. Àwa kágò, ohùn kan sì jáde láti inú ilé wá gba Ìyá Ìbejì láyè. Ohùn rẹ ni. Kú àlejò o."

Ẹ̀rín pa wọ́n kú. Ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O pa ilé lẹ́nu mọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lè sùn sínú omi. Àgò tí o fi ṣeré, òun ni yóò máa dè ọ́. Láti òní lọ, níbikíbi tí o bá ti pàdé ẹnikẹ́ni, kí o wọ ilé rẹ lọ, kí o kágò níbẹ̀. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, má yọjú."

Ní ọjọ́ yẹn kan náà, òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Ẹtu tẹ́ ẹní sínú yàrá, ó tẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sórí rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀gbàrá tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọ̀kan, ó fọwọ́ kan ọrùn èkejì. Wọ́n gbẹ. Ó tún fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi máa ń fa orí sínú bó bá ti rí ẹnikẹ́ni, tí á dákẹ́ síbẹ̀ pẹ́ títí, kó tó rọra yọ imú. Ó ti kágò nínú lọ́hùn-ún, ó ń retí èsì ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá bá a lójú ọ̀nà, ẹ má fi igi gún un. Ẹ dá a lóhùn. Ẹ sọ pé, "Àgò yà."

Àlọ́ mi ti sáré dé ògiri, ó ti fọwọ́ kàn án. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹnu mi pè kó má gbọ́ èsì. Bí kò bá sí irọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó.

Ẹ gbọ́ ọ?